Ọkọ̀ Tí Kò Jí ní Ìdájí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù January, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan ní ìlú Bouaké, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Wọ́n fẹ́ lọ ṣe ìdánwò ìkọ́ni ní Katiola, ìlú kan tí ó lé ní kìlómítà 50 sí ìhà àríwá wa, èmi ni mo sì ti ṣèlérí pé n óò fi ọkọ̀ mi gbé wọn lọ. Mo wọ inú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́. Mo tún un yí títí ọwọ́ fi ń ro mí, "kẹ́" kan náà ni. Ọkọ̀ tí ń fúnra rẹ̀ pààrọ̀ jíà ni, a kì í sì í ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó jí. Nígbẹ̀yìn, àwọn ọmọ náà gbé àpò wọn, wọ́n sáré lọ sí ibùdókọ̀. Wọ́n dé Katiola nígbà tí a ti ń pe orúkọ. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n pẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i ni, iṣẹ́ odindi ọdún kan ìbá bá ọjọ́ náà lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ náà jẹ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó gba owó oṣù àkọ́kọ́ yín, kí ẹ tó fi í ra ọkọ̀. Púpọ̀ nínú yín ni a óò rán lọ sí ìlú kékeré tí ilé àtúnṣe ńlá kò sí nítòsí rẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti Nàìjíríà wá, àwọn mìíràn ti Benin àti Togo wá, àwọn tí ó kù sì jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire níhìn-ín. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wa ń rà. Èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní Tòkunbọ̀, bí ẹni pé ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni, òun ni àwọn ará ibí ń pè ní France au revoir, èyí tí í ṣe pé, ilẹ̀ Faransé, ó dàbọ̀. Orúkọ méjèèjì dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ fún ni ohun tí ojú ọkọ̀ náà ti rí kí wọ́n tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo wí yìí, ọkọ̀ náà jí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí irú rẹ̀ tàn yín jẹ: àrùn tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ó ṣòro jù láti mọ̀. Mo wà á lọ sí ilé àtúnṣe àwọn tí ń ta irú ọkọ̀ náà, n kò ní dárúkọ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún mi ní àga, ó kọ orúkọ mi sílẹ̀. Wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀. Ní ọjọ́ kejì ó sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ní iná ọkọ̀ kò tó, nítorí náà a ó pààrọ̀ alternator, a ó sì pààrọ̀ àpótí tí ń darí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Iye tí ó wà nínú ìwé tí ó nà sí mi ju owó oṣù mi mẹ́ta lọ. Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó fi mítà wọn iná tí ń ti inú alternator náà jáde, èló ni ó sì bá níbẹ̀?" Ó wò mí bí ẹni tí mo bi ní orúkọ bàbá bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Mo san owó àyẹ̀wò, mo gba kọ́kọ́rọ́ mi, mo sì lọ.

Ní àdúgbò Dar-es-Salam ni mo ti mọ ríwáyà kan, ọmọ Èjìgbò. Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń wá ṣòwò ní ilẹ̀ yìí, Anango ni àwọn ará ibí sì ń pe gbogbo wa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ kí a bi ọkọ̀ fúnra rẹ̀ léèrè ná." Ó mú mítà kékeré kan jáde, irú èyí tí kò wọ́n lọ́jà, ó sì kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín wọ̀nyí.

Bátìrì ọkọ̀ tí ó kún, tí ó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, yóò fi nǹkan bí volt 12.6 hàn. Bí ó bá fi 12.2 hàn, ìdajì ni ó kù nínú rẹ̀; bí ó bá rẹlẹ̀ sí 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nọ́ńbà náà yóò gòkè sí ààrin 13.8 sí 14.5, nítorí pé alternator ń dá iná padà sínú bátìrì. Bí kò bá gòkè ni a tó lè fura sí alternator, tàbí bẹ́ẹ̀tì tí ń yí i. A wọn ti ọkọ̀ mi: 12.6 nígbà tí ó ń sinmi, 14.2 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Bátìrì kò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni alternator tí wọ́n fẹ́ kí n rà kò jẹ̀bi.

Ríwáyà wá fi ẹsẹ̀ mítà kan lé orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò, ó fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì gan-an, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tí ó ń wá ni èyí: iná tí ó ti inú bátìrì jáde lọ sí sítátà ní láti padà sínú bátìrì, ara irin ẹ́ńjìnnì àti wáyà ẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀nà tí ó ń gbà padà. Bí ọ̀nà náà bá mọ́, mítà kò ní í fi ju ìdajì volt kan hàn nígbà tí sítátà ń yí. Tèmi fi volt 3 hàn. Bí páìpù omi tí ìdọ̀tí dí ni ọ̀rọ̀ náà rí. Omi wà nínú táǹkì, ẹ̀rọ̀ náà kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti fún. A tú wáyà ẹ́ẹ̀tì náà, a fi ọ̀bẹ la rọ́bà ara rẹ̀. Lóde ó ń dán. Nínú, bàbà rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, ó ku ìwọ̀nba fọ́nrán díẹ̀ tí ó so ó pọ̀. Ní ọ̀sán ó lè gbé iná, ní ìdájí kò gbé e. Nítorí wáyà yìí kan náà ni kọ̀ǹpútà fi ń kígbe pé iná kò tó. Òótọ́ ni kọ̀ǹpútà sọ. Àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣì í túmọ̀. Owó wáyà tuntun kò tó owó àyẹ̀wò tí mo san ní ilé àtúnṣe.

Bí ọkọ̀ yín bá dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan tí ó dákẹ́, tàbí tí ó ń dún "kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́" léraléra, orí bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé níbẹ̀, ẹ tú wáyà ìyọkúrò ṣáájú, kí ẹ sì dá a padà gbẹ̀yìn, nítorí pé bí sípánà bá kan ara ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń tú ti ìròpọ̀, iná yóò ṣẹ́ yẹ̀rìyẹ̀rì. Omi gbígbóná àti sódà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì yóò fọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn ènìyàn máa ń di ẹ̀bi ikú bátìrì ru ọyẹ́ nítorí pé ìdájí ni ó sábà máa ń kú. Ní tòótọ́, ooru oṣù March àti April ni ó ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ọyẹ́ kàn wá gbé òkú rẹ̀ síta ni.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì tí ń gbóná jù, nítorí pé òun ni ó ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù lójú ọ̀nà wa. Omi inú rédíétọ̀ kì í hó ní ìwọ̀n 100 ti Celsius bí ti inú ìkòkò. Ìdérí rédíétọ̀ há a mọ́. Bí agbára tí ó fi há a mọ́ bá tó bar kan, omi lásán pàápàá yóò dé nǹkan bí 120 kí ó tó hó. Ìdí nìyí tí a kò gbọdọ̀ fi ṣí ìdérí náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Bí ẹ bá ṣí i, kíá ni omi náà yóò di ooru, tí yóò sì fò bo ojú àti àyà yín. Ẹ dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó sinmi títí tí ọwọ́ yóò fi lè gba páìpù rédíétọ̀. Bí ibi tí ẹ wà kò bá ṣeé dúró, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ṣí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú ọkọ̀ pátápátá. Ara yóò ni yín, ṣùgbọ́n ooru náà yóò kúrò lára ẹ́ńjìnnì díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi dúró.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ṣé omi ń jò ni? Ṣé fáànù kò yí? Ṣé eruku ọyẹ́ àti èso koríko ti dí ojú rédíétọ̀? Ní agbègbè koríko bí ti Bouaké, mo ti rí rédíétọ̀ tí a kò lè fi ojú rí òdìkejì rẹ̀ mọ́. Àṣà kan sì wà tí àwọn mẹkáníìkì wa ní láti Èkó títí dé Abidjan: wọ́n a yọ thermostat sọnù, wọ́n a ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ thermostat ni láti dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tí ó yẹ, kí ó sì ṣí i nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in yóò máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù, yóò máa mu epo, yóò sì máa tètè gbó. Bí ó bá bàjẹ́, kí a fi òmíràn sí i. Bákan náà, omi ẹ̀rọ lásán ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì dógùn-ún. Omi aláwọ̀ tí a ṣe fún rédíétọ̀ ni kí ẹ máa lò.

Bí ooru náà bá ti pọ̀ jù rí, gáskẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì lè ti jó. Èéfín funfun tí ó nípọn tí kò sì tán, ọ́ìlì tí ó dàbí kọfí oníwàrà, rédíétọ̀ tí ń hó kùṣùkùṣù ní kété tí ẹ́ńjìnnì bá jí, àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí. Èéfín dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì lè jẹ́ asẹ́ afẹ́fẹ́ tí eruku dí ni. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń jó.

Ní ti bíréèkì, n kò ní í sọ púpọ̀ nítorí pé kì í ṣe ohun tí a ń dán wò. Bí ó bá ń han gooro, páàdì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ó bá ń dún bí ẹni ń lọ irin mọ́ irin, ó ti tán. Bí ẹsẹ̀ yín bá rì wọlẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà dé ibi kankan, kì báà ṣe ilé mẹkáníìkì. Ẹni náà ni kí ó wá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Peugeot 504 jáde ní 1968, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kaduna ní 1975, mẹkáníìkì tí ó létí dáadáa a máa gbọ́ àrùn ọkọ̀ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n láti 1996 ní Amẹ́ríkà, àti láti 2001 fún àwọn ọkọ̀ onípẹtiróòlù ní Yúróòpù, òfin ti mú kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní ojú ihò kan tí a ń so kọ̀ǹpútà mọ́, tí yóò sì máa fi nọ́ńbà sọ ohun tí ó rí. Nọ́ńbà náà ń sọ àmì àìsàn, kì í dárúkọ ohun tí ó yẹ kí a rà. Bí àpẹẹrẹ, P0171 túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ rọ́bà kan tí ó ya, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tí kò lágbára mọ́, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́ tí eruku bò. Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà tán tí ó sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé, "Ẹ lọ ra báyìí," dàbí dókítà tí ó fọwọ́ kan iwájú orí aláìsàn, tí ó ní iṣẹ́ abẹ ni.

Síbẹ̀, n kò sọ pé kí ẹ sá fún àwọn ilé àtúnṣe ńlá. Wọ́n ní irinṣẹ́ tí ríwáyà kò ní, àti ìwé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ṣì wà nínú garantie, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì tọ́jú carnet d'entretien, ìwé kékeré tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí nígbàkígbà tí a bá tọ́jú ọkọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni bí ilé náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ń gbà yín lálejò kì í sábà jẹ́ mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ sílẹ̀ nìkan ni ẹni tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ yóò rí. Nítorí náà, ẹ má ṣe wí pé, "Alternator ni ó bàjẹ́." Bí ẹ bá wí bẹ́ẹ̀, wọn yóò pààrọ̀ alternator, ẹ̀bi náà yóò sì di tiyín. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ wí: ìdájí ni, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú, ó dún lẹ́ẹ̀kan, iná dáṣíbọ́ọ̀dù kò kú, ó jí ní ọ̀sán. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ó bá jẹ́ ìró kan ni ẹ ń gbọ́, ẹ ní kí mẹkáníìkì bá yín jókòó nínú ọkọ̀ kí ẹ jọ wà á títí yóò fi gbọ́ ọ.

Ẹ béèrè devis, ìwé ìdíyelé, kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ẹ sì sọ pé wọn kò gbọdọ̀ kọjá iye náà láìpè yín. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ya owó ẹ̀yà ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára main-d'œuvre, owó iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ilé àtúnṣe ni ó ń gba owó iṣẹ́ ní iye wákàtí tí ìwé wí pé iṣẹ́ náà yóò gbà, kì í ṣe iye wákàtí tí ó gbà lóòótọ́. Bí ìwé bá wí pé wákàtí mẹ́ta, tí mẹkáníìkì sì parí rẹ̀ ní ọ̀kan ààbọ̀, mẹ́ta ni ẹ ó san. Kì í ṣe olè jíjà, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ọwọ́ yá ju ojú lọ. Ẹ ní kí wọ́n dá ẹ̀yà tí wọ́n yọ padà fún yín. Ìbéèrè tí mo béèrè ni kí ẹ sì béèrè nígbà gbogbo: àyẹ̀wò wo ni ẹ ṣe, kí ni ẹ bá níbẹ̀, kí ni ó yẹ kí ẹ bá? Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í bínú sí i. Ẹ béèrè rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì kí ènìyàn ṣáájú. Níhìn-ín, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí ni, a ti bínú sí yín kí ẹ tó dé orí ọkọ̀.

Ní Bouaké, ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀. Láti 19 September 2002 tí ìṣọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, tí ìlú yìí sì di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kó lọ sí Abidjan, tí ó jìnnà tó kìlómítà 350. Àwọn mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n mú ọkọ̀ ìlú dúró ní àwọn ọdún náà, láìní ẹ̀yà tuntun, láìní ìwé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi.

Ohun kan ṣoṣo wà tí kò sí ríwáyà tí ó lè fi mítà rẹ̀ rí, òun ni àpò afẹ́fẹ́ tí ń bẹ́ jáde láti inú ìdarí ọkọ̀ nígbà ìjàǹbá. Àwọn èyí tí ilé-iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe ní kẹ́míkà kan tí ooru àti ọ̀rinrin ń bà jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nígbà tí ó bá bẹ́, ó lè fọ́n irin sí ọrùn awakọ̀. Ènìyàn kú. Ju 100 mílíọ̀nù lọ ni wọ́n pè padà jákèjádò ayé, Takata fúnra rẹ̀ sì wọ gbèsè ní 2017. Òfin Côte d'Ivoire ti December 2017 kò gbà kí ọkọ̀ àlòkù tí ó ju ọdún márùn-ún lọ wọlé fún ìlò ara ẹni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti wọlé ṣáájú rẹ̀ ṣì ń rìn, ní ilẹ̀ ooru àti ọ̀rinrin. Ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú ọkọ̀ yín, níbi tí a kọ àmì 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀, sí. Ẹ dà wọ́n kọ, ẹ gbé wọn lọ sí ilé àtúnṣe àwọn tí ń ta irú ọkọ̀ náà, ẹ bi wọ́n bóyá ìpadàpè kan, rappel, wà lórí rẹ̀ tí a kò tíì ṣe. Bí ó bá wà, ẹ má ṣe san owó kankan fún un. Ọ̀fẹ́ ni ó yẹ kí ó jẹ́.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, mo gbé wáyà ẹ́ẹ̀tì tí a là náà padà lọ fi han ọ̀gá ilé àtúnṣe tí mo wí. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀ mi, ó nà án sí i, ó ní, "Wò ó." Lẹ́yìn náà ó dá owó àyẹ̀wò mi padà, ó sì bẹ̀ mí kí n fi wáyà náà sílẹ̀ fún wọn láti máa fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. N kò gbà. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wa, ẹni tí ó bá fẹ́ rí i lè wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní ọ̀sán Thursday.